"Àǹtí, kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe?" Ẹ bá mi dá ọmọ yìí lóhùn

Àǹtí Kíláàsì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí kí ọjọ́ Àìkú tó dé.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tí Bíṣọ́ọ̀bù máa gbọ́wọ́ lé lórí ní ìjọ wa. Mọ́kànlá ni wọ́n, láti ọmọ ọdún 12 dé 15. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa wá sí kíláàsì, òfìfo ni, kí wọ́n lè rí bí wọ́n á ṣe gbà á lọ́wọ́ àlùfáà kó má baà dà sí wọn láṣọ. Mo ṣì ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin bá tẹ̀ síwájú, ó yọjú wo inú ife náà bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga, ó ní, "Àǹtí, kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe?"

Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo ní torí ẹ̀ṣẹ̀ wa ni. Ó ní òun mọ̀ pé torí ẹ̀ṣẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n kí ló dé tí Ọlọ́run ò kàn sọ pé "ó tó, mo ti dárí jì yín", bí màmá òun ṣe máa ń ṣe? Kí n tó wá èsì, ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn tún gbé tiẹ̀ dé: bàbá àgbà òun nílé máa ń pa àgbò sójúbọ lọ́dọọdún, ìjọ ní kò dáa, kí ló wá fi yàtọ̀ sí ti Jésù?

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ èsì tó máa pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Láti 1998 ni mo ti ń gba ife yẹn, mi ò sì bi ara mi ní ìbéèrè yìí rí.

Bàbá Katikíìsì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ Olúwa. O ṣeun tí o kò fi ọ̀rọ̀ ńlá bo ìbéèrè wọn mọ́lẹ̀. Èmi ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè báyìí ṣì máa ń jí mi lójú oorun.

Ṣí Orin Dáfídì 50, ẹsẹ 12 àti 13, kí o kà á fún ọmọbìnrin yẹn kí o tó la ẹnu sọ ohunkóhun. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní bí ebi tilẹ̀ ń pa òun, òun kò ní sọ fún ènìyàn. Ó wá bi wọ́n léèrè bóyá òun a máa jẹ ẹran akọ màlúù tàbí kí òun máa mu ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́. Ó ti dá a lóhùn nìyẹn. Ọlọ́run kò fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe nǹkan kan fún ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Léfítíkù 17:11. Gbogbo wa la mọ apá tó ní ẹ̀mí ara ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Apá tó tẹ̀ lé e la máa ń sáré kọjá, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun ni òun fi ẹ̀jẹ̀ náà fún wọn lórí pẹpẹ. Ta ló wá ń fún ta? Àwa rò pé ènìyàn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún Ọlọ́run. Ẹsẹ yẹn ní Ọlọ́run ló ń fún ènìyàn.

Mo fẹ́ kí o ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú ẹsẹ yẹn, ètùtù. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tó parí ní 1884, inú ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ti ṣà. Ètùtù ti wà nílẹ̀ kí ìgbàgbọ́ tó dé. Etí Yorùbá sì gbọ́ ọ báyìí: ẹnìkan ń bínú lókè, wọ́n ní kí a wá nǹkan tù ú lójú. Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yóò máa rí Bàbá oníbìínú kan tó pa Ọmọ rẹ̀ kí inú rẹ̀ tó rọ̀. 2 Kọ́ríńtì 5:19 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Ọlọ́run wà nínú Krístì, ó ń bá aráyé làjà. Ẹni tí a ṣẹ̀ gan-an ló gbé ètùtù jáde láti inú ilé ara rẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ Alápatà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ìdí ẹran ni mo dàgbà sí. Alápatà ni bàbá mi, Mùsùlùmí ni títí ó fi kú. Ilé ọkọ ni èmi ti di Kìrìsìtẹ́nì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti máa ń wà ní odò ẹran. Tí wọ́n bá ti dúńbú màlúù, kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á ṣì máa wo ènìyàn. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ ni ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ń lọ, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ẹsẹ̀ á nà. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan mọ ohun tí Léfítíkù ń sọ.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọmọdé tẹ ẹ̀jẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ adìẹ la fẹ́ pa nílé, á kọ́kọ́ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́yìnkùlé, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn síbẹ̀, á fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mi ò bi í rí. Ìgbà tí mo ka ẹsẹ 13 nínú Léfítíkù 17 yẹn ni mo rí i pé Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé ẹni tó bá mú ẹranko tàbí ẹyẹ ìgbẹ́ tí a ń jẹ, kó da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi erùpẹ̀ bò ó. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ó dà bíi pé mo ń wo ẹsẹ̀ bàbá mi nínú yẹ̀pẹ̀.

Àǹtí, ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá wọ́n ti rí ibi tí wọ́n ti pa ẹran rí. Adìẹ inú firísà nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Ẹ má fi fídíò hàn wọ́n o. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti rí i sọ ọ́ fún àwọn yòókù.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ̀yin ará, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ohun tí Ọmọ Alápatà rí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ, èmi máa ń rí òdìkejì rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo wà. Àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń dé lóru, ẹ̀jẹ̀ wọn á ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mo rántí ọmọkùnrin kan, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, jẹ́ 12. Mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ nísàlẹ̀, funfun báláú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rí bí bébà. Kò sunkún, torí ẹkún pàápàá gba agbára. A so báàgì ẹ̀jẹ̀ kọ́ fún un. Òfin wa ni pé ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dúró ti aláìsàn, kó máa ṣọ́ ọ bóyá ara rẹ̀ máa kọ̀ ọ́. Mo dúró tì í, mò ń wo bó ṣe ń kán tó, tó, tó. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ó la ojú, ó ní kí màmá òun fún òun ní mọ́ínmọ́ín.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn, a kì í rà á nílé iṣẹ́. Kò sí kẹ́míìsì tó ń po ó. Ara ènìyàn kan ló ti wá, mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Bí 450 mìlílítà ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ọjọ́ 35 ló lè lò jù níbẹ̀.

Ohun tó yé mi lóru ọjọ́ náà: ní ṣọ́ọ̀ṣì, fífọ̀ nìkan la fi ń dárúkọ ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ó fọ̀ mí, ó wẹ̀ mí. Òótọ́ ni, 1 Jòhánù 1:7 sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù, tí mo bá sáré lọ gba ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe pé aṣọ ẹnìkan dọ̀tí. Ẹnìkan ń kú lọ ni. Ó yẹ kí àwọn ọmọ yẹn mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Krístì ń sọ ènìyàn di alààyè, pé kì í ṣe ọṣẹ nìkan.

Bàbá Katikíìsì

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un kí àwọn ọmọ má baà ṣì í gbọ́. Ẹni tó fún ọmọ yẹn lẹ́jẹ̀ lọ sílé, ó jẹun, ara rẹ̀ sì tún pèsè òmíràn. Krístì kò fún wa ní èyí tó ṣẹ́ kù. Gbogbo rẹ̀ ló fi sílẹ̀. Nínú Jòhánù 10:18 ó ní kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun fúnra òun ló fi í lélẹ̀, òun sì lágbára láti tún gbà á. Bó bá jẹ́ pé ó kú, ó kú náà ni, ọ̀rọ̀ àánú ni ìbá jẹ́, kì bá má jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè.

Ní ti ọmọkùnrin tó béèrè nípa bàbá rẹ̀ àgbà. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ó lọ fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá yẹn mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé, pé ohun tó bàjẹ́ láàrin ènìyàn àti òkè, ẹnu lásán kò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ó ní lọ́dọọdún. Ohun tí Hébérù 10:3 sọ nípa tẹ́ńpìlì àwọn Júù gan-an nìyẹn. Olórí àlùfáà a máa wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù àti ti ewúrẹ́, bó ti wà nínú Léfítíkù 16, tó bá di àmọ́dún á tún wọlé. Hébérù 10 náà, ẹsẹ 11, ní àlùfáà a máa dúró lójoojúmọ́. Ìdúró ni, nítorí iṣẹ́ náà kì í tán. Ẹsẹ 12 wá ní Krístì rú ẹbọ kan ṣoṣo, ó sì jókòó.

Fi àga kan síwájú kíláàsì. Kí ìwọ náà dúró títí wọn yóò fi bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò jókòó.

Àǹtí Kíláàsì

Ẹ ṣeun gan-an, mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àga yẹn, mo máa lò ó. Ó ku ti màmá ọmọbìnrin yẹn. Kí ló dé tí Ọlọ́run ò kàn dárí jì bíi tàwọn ìyá?

Ará Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ìyá ni mí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, mú káàdì báńkì mi, ó fi ra nǹkan nínú géèmù. Nígbà tí mo máa fi rí i, 180 pọ́n-ùn ti lọ. Ní London níbí, owó oúnjẹ wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn. Mo pariwo, ó bẹ̀ mí, mo ní mo ti dárí jì í. Òótọ́ ni, mo dárí jì í. Ṣùgbọ́n owó náà ò padà wá. Mo lọ gba iṣẹ́ alẹ́ méjì kún tèmi ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lálẹ́ kejì, mo ń so okùn bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, bí agogo mẹ́sàn-án, òjò ń rọ̀. Ọmọ náà dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò mí. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi mi ni. Ó ní, "Mummy, ẹ ò ti ní ẹ ti dárí jì mí?" Mo ní mo ti dárí jì ọ́, ìdí tí mo fi ń lọ nìyí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ẹ bi ọmọbìnrin yẹn, nígbà tí màmá rẹ̀ bá ní "ó tó, mo ti dárí jì ọ́", ta ló ń ṣàtúnṣe ohun tó bàjẹ́? Màmá náà ni. Ìdáríjì kì í ṣe ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń dárí jini.

Bàbá Katikíìsì

Kò sí ohun tí mo lè fi kún èyí. Bóyá kìkì pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú Éfésù 1:7 ni ìràpadà, ìràpadà nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọdé ṣì ni, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n ti san owó lé lórí rí ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà.

Tíṣà Onítẹ̀bọmi

Ẹ ò tíì dé Íjíbítì, ẹ̀yin ará! Àwọn ọmọdé fẹ́ ìtàn. Ẹ́kísódù 12 ni kí ẹ mú, ìtàn alẹ́ Ìrékọjá, tí ikú ré ilé tí ẹ̀jẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni wọ́n mú ọ̀dọ́ àgùntàn náà wọlé, ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n pa á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ro ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Àgùntàn ọlọ́dún kan, tí kò lábàwọ́n, ó wà nílé láàrin wọn, ọmọ ilé ń já koríko fún un. Àwọn ọmọ tèmi ti sọ ọ́ lórúkọ kí n tó dé ibi tí wọ́n ti pa á, inú wọn sì bàjẹ́ gidi. Mo jẹ́ kó bàjẹ́.

A wá fi zobo ṣe ẹ̀jẹ̀, a di ewé efinrin ní ìdì kan dípò hísópù, wọ́n kùn ún sí àtẹ́rígbà àti òpó méjèèjì. Ẹ lo ilẹ̀kùn páálí o! Ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni mo lò, àwọ̀ náà ò lọ bọ̀rọ̀, mo sì fi owó ara mi ra ọ̀dà tí wọ́n fi tún un kùn.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbójú fò ni pé inú ilé, wọ́n ń jẹ ẹran àgùntàn náà. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, ẹran wà lẹ́nu wọn, bàtà wà lẹ́sẹ̀. Ó dáàbò bò wọ́n, ó sì fún wọn lókun ìrìn. Ìrékọjá yẹn náà ni Jésù jókòó tì lálẹ́ tó gbé ife fún wọn.

Ọmọ Màríà

Kátólíìkì ni mí, mo sì fẹ́ kí ẹ wo ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu. Òfin Mósè kọ̀ fún gbogbo Júù láti fi ẹnu kan ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí Jésù ń bá sọ̀rọ̀ nínú Jòhánù 6 kò jẹ ẹ̀jẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ó wá dúró níwájú wọn, ó ní bí ẹ kò bá jẹ ara Ọmọ Ènìyàn, kí ẹ sì mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ kò ní ìyè nínú yín. Ẹsẹ 66 ní ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ni ìbá padà!

Ṣùgbọ́n ẹ fi ohun tí Bàbá Katikíìsì àti Ọmọ Alápatà sọ sí i. Kí ló dé tí wọ́n fi kà á léèwọ̀? Torí ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí sì jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Yẹ̀pẹ̀ ló yẹ kó mu ún. Lálẹ́ Ìrékọjá tí Jésù gbé ife ni Ọlọ́run gbé ohun tó ti fi pa mọ́ láti ìgbà Nóà jáde, ó ní gbogbo yín, ẹ mu nínú rẹ̀. Ìgbàkígbà tí àlùfáà wa bá kán omi díẹ̀ sínú wáìnì, mo máa ń rántí ẹ̀jẹ̀ àti omi tó jáde ní ìhà rẹ̀ nínú Jòhánù 19:34. Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù keje ni oṣù Ẹ̀jẹ̀ Iyebíye náà, Póòpù Pius IX ló sì ní kí gbogbo ìjọ máa ṣe àjọ̀dún rẹ̀, ní 1849. Èmi gbàgbọ́ pé ohun tó wà nínú ife yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni.

Tíṣà Onítẹ̀bọmi

Àwa gbà pé ìrántí ni, arákùnrin mi. "Ẹ máa ṣe èyí ní ìrántí mi." Omi èso àjàrà tí kò kan ni ìjọ wa ń lò.

Ọmọ Màríà

"Èyí ni ẹ̀jẹ̀ mi" náà wà níbẹ̀, kò sọ pé èyí dúró fún un.

Olùdarí

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́. Ní 1529, Luther àti Zwingli, àwọn aṣáájú Pùròtẹ́sítáǹtì, jókòó ní Marburg ní Jámánì lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àpilẹ̀kọ 15 ni wọ́n kọ, ohùn wọn ṣọ̀kan lórí 14, èyí tó kẹ́yìn, lórí Oúnjẹ Alẹ́ yìí, ni wọn ò lè fẹnu kò sí tán. A ò lè parí rẹ̀ lálẹ́ yìí. Kí Àǹtí kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ìjọ tiwọn gbà, kó sì sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn ará mìíràn gbà á lọ́nà mìíràn.

Màmá Ìbejì

Àwọn ọmọ yín náà ha máa ń pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" tí aláǹgbá bá já lulẹ̀ bí? Tèmi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí iná bá lọ, ẹ̀jẹ̀ Jésù. Tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ wọlé, ẹ̀jẹ̀ Jésù. Kí ni kí n sọ fún wọn? Èmi náà ti ké e rí nígbà tí bíréèkì ọkọ̀ wa já lórí òkè, mo sì mọ ẹni tó gbọ́ mi.

Bàbá Katikíìsì

Ìyá, má kọ̀ fún wọn láti pè é nígbà ìbẹ̀rù. Ìfihàn 12:11 ní ẹ̀jẹ̀ Ọ̀dọ́ Àgùntàn ni àwọn ará fi ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n kọ́ wọn pé kì í ṣe ọfọ̀. Ọfọ̀, bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ó bàjẹ́. Èyí, ẹni kan lò ń pè. Bí ohùn rẹ bá gbọ̀n, bí o bá gbàgbé ìparí rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́. Fi í sí ẹnu wọn nígbà ọpẹ́ pẹ̀lú, kó má jẹ́ ìgbà aláǹgbá nìkan.

Awakọ̀ Tẹ́lẹ̀

Mi kì í sábà kọ̀wé síbí, kíkà ni mò ń kà. Ọ̀rọ̀ yìí ló fà mí.

Bọ́ọ̀sì akérò ni mo ń wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń ṣú, ọmọdé kan sáré jáde láàrin ọkọ̀ méjì tí wọ́n gúnlẹ̀. Mi ò sáré. Ọlọ́pàá wọn ilẹ̀, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀bi mi kọ́. Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ mi padà fún mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti kú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. Mo fọ iwájú bọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún fọ̀ ọ́, mo tà á.

Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi gba Oúnjẹ Alẹ́. Tí wọ́n bá ti ṣí aṣọ funfun lórí tábìlì, màá dìde jáde, màá ní mo fẹ́ lọ wo nǹkan níta. Ẹsẹ kan ló mú mi, 1 Kọ́ríńtì 11:27, pé ẹni tó bá mu ife Olúwa láìyẹ á jẹ̀bi ara àti ẹ̀jẹ̀ Olúwa. Mo ní ẹ̀jẹ̀ kan ti tó mi.

Àlùfáà wa, àgbàlagbà ni, ṣàkíyèsí mi. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó fi tábìlì sílẹ̀ fún igbá kejì rẹ̀, ó jáde wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú aṣọ oyè rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní kí n ka ẹsẹ tó ń lé mi jáde fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n ka èyí tó tẹ̀ lé e. Mo kà á: kí ènìyàn wádìí ara rẹ̀, kó sì jẹ, kó sì mu. Ó ní, "O ti wádìí fún ọdún mẹ́fà. Níbo ló ti ní kí o wádìí kí o sì sá?"

Mo ní Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn ń sọ̀rọ̀. Kò sọ fún mi pé kò sọ̀rọ̀ o. Ó ní òun mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ Ábélì ṣe ké láti inú ilẹ̀. Ó wá ṣí Hébérù 12:24, níbi tó ti ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ń sọ ohun tó dára ju ti Ábélì lọ. Ó ní, "Jẹ́ kí méjèèjì sọ̀rọ̀. Kí o gbọ́ èyí tó kẹ́yìn."

Ó mú mi lọ́wọ́ wọlé. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé wáìnì náà dà sí mi láyà. Aṣọ funfun ni mo wọ̀. Ìyàwó mi fọ̀ ọ́, kò lọ tán, mo sì ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń lọ kí àwọn òbí ọmọ náà lọ́dọọdún. Bàbá rẹ̀ ti ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Ìyá rẹ̀ kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì bá a wí.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹnu mọ́ ọn jù fún àwọn ọmọ yẹn pé kó má dà sí wọn láṣọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa, Ọlọ́run á túbọ̀ máa tù yín nínú, á sì tu ìyá ọmọ náà nínú. Mi ò lè sùn mọ́.

Àǹtí Kíláàsì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti ṣe kíláàsì náà.

Mo dúró, àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn ní, "Àǹtí, ẹ jókòó o, ó ti rẹ̀ yín." La bá ṣí Hébérù 10. Nígbà tó kan lọ́dọọdún, ó gbé orí sókè, ó wò mí. Mo sọ fún un pé bàbá àgbà rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní òun á ka ibẹ̀ fún un tí wọ́n bá lọ sílé.

Orin Dáfídì 50 ni mo fún ọmọbìnrin wa kó kà sókè. Nígbà tó dé ibi ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́, ó dákẹ́, ó tún un kà sínú. Mo sọ ìtàn ọmọ tó béèrè mọ́ínmọ́ín fún wọn, mo sọ ti bàtà lẹ́nu ọ̀nà ní Peckham. Ti Awakọ̀, mi ò sọ ọ́, èmi ló wà fún. Mo tún gbé ife náà wá. Ọmọ náà yọjú wo inú rẹ̀ bíi ti ìjọsí, ó ní, "Nígbà náà òun ló ń fún wa." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Mi ò sọ fún wọn pé kó má dà sí wọn láṣọ.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn ibi tí òun ti lè lọ fún ẹnìkan lẹ́jẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni. Nọ́ọ̀sì, kí ni kí n sọ fún un?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ sọ fún un pé mo kí i, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún ọkàn rẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì tó kílò 50, la ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku ọdún mẹ́rin. Kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa títí ìgbà náà. Tó bá dé, kó béèrè mi, màá dúró tì í.